Ẹni Tí Kò Ní Fún Ìyá Aláró Lómi

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé onínú tútù ni. Àlùfáà Kàrímù sọ ọ́. Ìyá Bíọ́lá tó ń ta ọṣẹ sọ ọ́. Àní Lásísì, àkọ́bí rẹ̀, tí obìnrin náà fi igi tí wọ́n fi ń ro aró lé káàkiri agbo ilé nígbà tí òun alára ti ní aya méjì, dìde láàárín àwùjọ, ó ní, "Ìyá wa ò bá ẹnikẹ́ni jà rí." Mo wo ẹnu rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan, nítorí ọmọ ọmọ ni mí, àwọn àgbà ló ni ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí èmi náà ti di arúgbó. Lásísì ti lọ, Àlùfáà Kàrímù ti lọ, Ìyá Bíọ́lá náà ti lọ. Kò sí ẹni tó kù tí yóò ní kí n panu mọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ má retí èdè dídùn lọ́dọ̀ mi. Ìyá Aláró, bí a ṣe ń pe ìyá mi àgbà, kì í ṣe onínú tútù. Òǹrorò ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyá tó bí mi lọ, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí di òwúrọ̀ yìí.

Sàfúrátù ni wọ́n sọ ọ́. Aró ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra àwọ̀ inú ike, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ mi kò lè yé yín bí n kò bá sọ ọ́. Ìkòkò kan wà lókè, ihò wà nídìí rẹ̀. Òmíràn wà nísàlẹ̀ tó gbé e rù. Eérú ló ń kún inú ti òkè. A óò da omi sí i, omi náà á rọra gba àárín eérú kọjá, á máa kán, tó, tó, tó, sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yẹn la fi ń rẹ èlú, ewé tó ń fún aró ní àwọ̀. Bí kò bá le tó, aró kò ní mú aṣọ. Bó bá le jù, á jẹ aṣọ. Ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìyá Aláró á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á dijú. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò láéláé. Mo dán an wò nígbà kan, ó gbá mi lẹ́nu.

"Ahọ́n mi ni ọjà mi, Ràbí. Wá tìẹ lọ síbòmíràn."

Lẹ́yìn ìyẹn, a óò máa ṣọ́ ojú ìkòkò aró. Bí èlú bá ti ń jí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìfóófó á yọ lójú rẹ̀, á ki, á máa dán bíi bàbà. Ọjọ́ tó bá hó dáadáa nìkan lẹ lè rí eyín obìnrin náà. Á pàtẹ́wọ́, á pe gbogbo ilé. "Ẹ wá wò ó! Ohun tó bá ń hó ló wà láàyè. Èyí tí kò hó, òkú ni, ẹ dà á nù."

Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Mo ń bọ̀ wá bá a.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àdùnní, ìyàwó Jòónú, tó máa ń ti oko Ìrẹsà gbé aṣọ wá. Ó sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, ẹ má bínú, aṣọ yìí ò dúdú tó." Ìyá Aláró gba aṣọ náà, ó tún rì í, ó fà á jáde, ó tún rì í, títí ó fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó wá fi tútù rẹ̀ da Àdùnní léjìká, lórí bùbá funfun tó wọ̀ láti lọ sí sọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. "Ó dúdú báyìí? Tọ́jú ẹ̀ dọjọ́ tí ọkọ ẹ bá kú." Jòónú tí wọ́n ṣépè fún yìí pẹ́ láyé ju ẹni tó ṣépè lọ.

Èmi náà kò yọ nínú rẹ̀. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo dá pa láró, ó gbé e sókè wo oòrùn, ó sì jù ú lù mí lójú. "Òfuurufú lo pa láró, kì í ṣe aṣọ." Ìyẹn ni mo ṣe ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí mo lọ́kọ, tí n kò ṣe iṣẹ́ aró.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jìyà rẹ̀ jù lọ ni Nímọ́ta, orogún rẹ̀, ìyàwó kejì tí bàbá àgbà wa Bùsàrí fẹ́. Bùsàrí ti kú tipẹ́, kò sí ọkọ tí wọ́n ń jà lé lórí mọ́, síbẹ̀ ìjà kò tán. Omi ni wọ́n wá ń jà sí. Ìyá Aláró la ojú àgbàrá omi ìdọ̀tí aró rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà Nímọ́ta, ẹsẹ̀ ìyá yẹn kì í mọ́ láti ọdún dé ọdún. Nímọ́ta kì í ṣe ẹran jẹ́jẹ́ o. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó bá ìyálé rẹ̀ nílé, ẹ̀yin ló fi ń pè é nínú èébú pàápàá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyálé. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ya ìkà bíi yín."

"Àmín. O ò lè yà á, o ò lọ́gbọ́n ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láràárọ̀ nìyẹn.

Gbígbé ìkòkò ti ba ẹ̀yìn Ìyá Aláró jẹ́. Oníkiri kan tó ń jẹ́ Sàlámì máa ń gbé egbòogi sórí atẹ wá, àwọn hóró pupa àti yẹ́lò, Ìyá Aláró sì ń gbé wọn mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí. Ta ni yóò wọ̀n ọ́n? Ta ni yóò ní kó jókòó kó na ọwọ́?

Ó wá di ìgbà tí ìjọba ológun ní kí wọ́n má kó àlìkámà wọ ìlú mọ́, tí búrẹ́dì kéré bí ìkúùkù ọmọdé. Mo wá kí wọn fún ọdún Iléyá. Láàárọ̀, àwọn orogún méjèèjì jọ lọ sẹ́yìnkùlé lọ da póò ìtọ̀ wọn nù, olúkúlùkù kọ ẹ̀yìn sí ẹnì kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Nímọ́ta yíjú, ó rí ìtọ̀ ìyálé rẹ̀. Ó ń hó. Ìfóófó náà ki, kò sì rọ̀.

Ó rọra gbé póò tirẹ̀ sílẹ̀. "Ìyálé," ó ní, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀, "bí ìtọ̀ Mùtíù ṣe rí nìyí kí ojú rẹ̀ tó wú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ yẹ̀ yín wò."

Mùtíù ni ọmọ Nímọ́ta kan ṣoṣo. Télọ̀ ni. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó kú kó tó gbéyàwó.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi àgbà ṣe. Ó figbe ta. Ó ní Nímọ́ta fẹ́ fi ikú ọmọ rẹ̀ ran òun. Ó gbé póò náà, ìtọ̀ inú rẹ̀ ń jó, ó gbé e wọ àárín agbo ilé lọ síwájú Bàbá Yẹkínì, olórí ilé wa, tó ń jẹ ẹran Iléyá lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe ń hó! Ṣé ohun tó ń kú ló ń hó báyìí? Agbára ara mi ni! Ti ẹni tó ń bú mi ńkọ́? Omi òjò lásán!"

"Sàfú, gbé e kúrò níwájú oúnjẹ mi," ni Bàbá Yẹkínì ń wí.

Kò gbé e. Ó ní àfi kí Nímọ́ta kúnlẹ̀ kó kó èpè rẹ̀ jẹ. Ẹni gbogbo sì bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, ni wọ́n bá ní kí Nímọ́ta kúnlẹ̀. Obìnrin tó sin ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, níwájú àwọn ìyàwó ilé tí kò tó ọmọ bíbí inú rẹ̀.

"Sọ pé o ò ní in lọ́kàn."

"N ò ní in lọ́kàn, ìyálé. Àmọ́ ìtọ̀ náà ṣì ń hó."

Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Aláró wo póò rẹ̀ bí ẹni wo aró tó jí, ó ní, "Jẹ́ kó máa hó."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, wíwú náà á sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ á jìn, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Ara ń yún un. Èébì ń gbé e. Ó ní ata ló fà á, ó ní ọyẹ́ ni, ó ní ojú Nímọ́ta ni. Ohun tó gbé e dé ilé ìwòsàn kì í ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ahọ́n rẹ̀ ni. Ó tọ́ omi eérú wò lọ́jọ́ kan, ó ní ó ti tó, ó da èlú sí i, ìkòkò náà sì kú. Kò hó rárá. Aṣọ àwọn ènìyàn bàjẹ́ sínú rẹ̀. Ó jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà tí mo dé, ó ní, "Ràbí, gbogbo ohun tí mo bá fi sẹ́nu, irin ni. Ahọ́n mi ti kú."

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítòsí ilé mi. Dókítà ọmọ Ìlọrin kan, Dókítà Jímọ̀, gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gba ìtọ̀ rẹ̀, ó sì pè wá. Ó di ìkúùkù ọwọ́ méjèèjì, ó gbé wọn sẹ́yìn ìbàdí ara rẹ̀.

"Màmá, ibí ni kíndìnrín wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n tó ìkúùkù mi yìí. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara yín ló ń gba inú wọn kọjá, tọ̀sán tòru. Wọ́n á sẹ́ ẹ. Èyí tó dáa á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù á máa kán lọ sínú àpò ìtọ̀."

"Ó ń kán," ni Ìyá Aláró wí. N kò rí i kó fetí sí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí. "Ihò tó ń gbà kán ńkọ́?"

"Wọ́n pọ̀, ojú ò lè rí wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti fa tiyín ya. Egbòogi ẹ̀yìn dídùn tí ẹ ń gbé mì náà dá kún un. Ìtọ̀ yín, ṣé ó máa ń hó?"

Pẹ̀lú bí ojú rẹ̀ ṣe wú tó, ó gbé orí sókè. "Ó ń hó bí aró tó jí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó pẹ́."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ara ró, ó dà bíi funfun ẹyin. Kò yẹ kó jáde. Ibi tó ti ya ló ń gbà jò sínú ìtọ̀, òun ló ń jẹ́ kó hó. Ara yín lẹ ti ń dà nù láràárọ̀."

Ìyá mi àgbà wò ó tìkà tìkà. "Ṣé Nímọ́ta ló rán ọ?"

"Ta ni Nímọ́ta?"

Ìyá Aláró wá béèrè ohun tí aláró èyíkéyìí ìbá béèrè. "Bí ìkòkò mi bá dí, mo máa ń kó eérú inú ẹ̀ dà nù, mo á fọ̀ ọ́, mo á kó tuntun sí i. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ti ènìyàn ò ṣe é kó dà nù, Màmá. Ibi tó bá ti kú níbẹ̀, ó kú nìyẹn. Ẹ̀rọ kan wà tó lè máa bá yín fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nítòsí, àwọn tó sì ń dúró dè é pọ̀." Ó yíjú sí mi, ó ń to èèwọ̀. Kó má jẹ iyọ̀. Kó má fẹnu kan kán-ún. Kó má gbé egbòogi Sàlámì mì mọ́. Omi rẹ̀, agolo mílíìkì kan lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó bá wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde, ó ní, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kún, lẹ́yìn náà á gòkè lọ bá ẹ̀dọ̀fóró, ènìyàn á sì kú ikú omi lórí ibùsùn gbígbẹ. Bí ó bá pa òfin mọ́, ó lè pẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú wa.

Ohun tí mo wá ń wá nìyẹn, díẹ̀ yẹn. N kò wá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má gbàgbé pé ọyẹ́ ń fẹ́, ètè rẹ̀ sì ń là. Òǹrorò yìí wá di alágbe nílé mi. Ó ń bẹ gbogbo ènìyàn lómi. Bí Gàníyù ọkọ mi bá ti ọ̀nà Ìlọrin padà dé pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀, á ṣàánú rẹ̀, á fún un lómi tútù. Ìyá Ṣadé, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó ń bá wa gbélé, gbé omi àdúrà wá, ife ńlá. Àwọn ọmọ mi náà ń bu omi fún un. Bí mo bá ń jà, wọ́n á ní ìkà ni mí. Ó wú títí kò fi lè mí bó bá dùbúlẹ̀, a sáré gbé e padà lọ bá Dókítà Jímọ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́ tó mú un tọ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àánú yín yìí ló máa pa mí. Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ Nímọ́ta."

"Ìyá, Nímọ́ta kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Òun nìkan ni kò ní fún mi lómi."

Mọ́tò Gàníyù la fi gbé e. Nímọ́ta jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, ìyálé. Ta ló ní kí wọ́n já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà mi?"

"Wọ́n ní omi máa pa mí."

Nímọ́ta wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó gbọn ẹ̀wà orí aṣọ rẹ̀ sínú atẹ. "Àgbàrá yín ló wá yíjú padà sí yín yẹn. Ràbí, gbé ẹní wọn wọlé."

Láti ọjọ́ náà, orí ìdérí àmù ni Nímọ́ta ń jókòó sí. Bí omi tí dókítà wí bá ti tán, ó tán. Á rẹ òwú sínú omi, á fi pa á létè. Á fún un ní pákò rin. Bí èèyàn bá wá kí i, Nímọ́ta á yẹ ọwọ́ onítọ̀hún wò bóyá ó gbé omi pamọ́. Èébú tí mo gbọ́ nínú yàrá yẹn, kò ṣe é kọ sínú ìwé.

"Nímọ́ta, ọ̀fun mi ń gbẹ. Ìkà!"

"Ó dáa, ẹ kúnlẹ̀ kí n fún yín." Á jókòó dáadáa lórí ìdérí. "Bí ẹ bá kúnlẹ̀ gan-an, n ò ní fún yín."

Wíwú ẹsẹ̀ Ìyá Aláró sì lọ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ tún padà di ojú. A rí díẹ̀ tí mo ń wá, títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀.

Èyí tó ń dùn mí ni pé ìyá mi àgbà kò bẹ Nímọ́ta. Mo bá a sọ ọ́ nígbà tí Nímọ́ta lọ kírun. Mo ní, "Ìyá, òótọ́ ni obìnrin yìí sọ fún yín, ẹ sì mú un kúnlẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́."

"Kí n bẹ̀ ẹ́? Kínú ẹ̀ rọ̀, kó ṣàánú mi, kó fún mi lómi, kí n kú? Jẹ́ kó máa bínú, Ràbí. Ìbínú ẹ̀ ni mo ń mu."

Mo mọ̀ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Mo tún mọ̀ pé ọgbọ́n náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. N kò dárí èyí jì í.

Oorun wá ń gbé e ṣáá. Òsúkè kò dá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ohun funfun kan hù jáde lára rẹ̀, lọ́rùn, níwájú orí, bí ẹni tó ru eérú láìṣu òṣùká. Nímọ́ta fi ìka nù ún, ó wo ìka náà pẹ́. Ó fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó hù sára Mùtíù náà," ó ní. "Ilẹ̀ kò ṣú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kú."

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó dìde kúrò lórí ìdérí àmù. Ó bu omi kún igbá, ó kún dẹ́nu, ó sì gbé e wọlé. Ó kúnlẹ̀ ti ẹní. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó ní kó kúnlẹ̀.

"Ìyálé, ẹ gba omi."

Ìyá Aláró lajú. Ó wo igbá náà, ó wo Nímọ́ta, ó tún wo igbá náà. "Ó kún?"

"Ó kún."

"O ò bínú mọ́ nìyẹn."

"Mo ṣì ń bínú. Ẹ mu."

Kò gbà á. Ó fi ọwọ́ tì í padà sí àyà Nímọ́ta. "Tọ́ ọ wò fún mi."

Àwọn kan nínú ilé wa ń sọ títí dòní pé ó bẹ̀rù májèlé. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Obìnrin tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a tọ́ nǹkan wò rí, tó gbá mi lẹ́nu nítorí ahọ́n rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún orogún rẹ̀.

Nímọ́ta mu díẹ̀ níbẹ̀. "Ó tutù, ìyálé. Ó dùn."

Ìyá mi àgbà wá gba igbá náà, ó mu ún, kò sinmi títí ó fi rí ìdí rẹ̀. Ó nu ẹnu. Ó wo Nímọ́ta lójú kòrókòró.

"Irọ́ lo pa. Irin ni."

Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. Onínú tútù tí wọ́n ń wí lẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀ yẹn.